Ìdá Gun Ìdá: Bí A Ṣe Ń Tú U

Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láyà nínú áljébrà kì í ṣe lẹ́tà x. Ìlà ni. Ẹ kọ 3/4 sínú ìwé, kò sẹ́ni tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá fa ìlà gígùn kan sábẹ́ 3/4 yẹn, kí ẹ kọ 2/5 sábẹ́ ìlà náà, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fu wọ́n. Tí ẹ bá tún fi 1/x àti 1/y rọ́pò àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn, àwọn míì á ti gbé bírò sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tuntun kankan níbẹ̀. Ìlà ìdá, ì báà kúrú, ì báà gùn, iṣẹ́ méjì péré ló ń ṣe. Èkíní, ó ní kí a fi ohun tó wà nísàlẹ̀ pín ohun tó wà lókè. Èkejì, àkámọ́ ni fún gbogbo ohun tó wà lókè, àkámọ́ náà ni fún gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀. Iṣẹ́ kejì yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń yọjú.

Ìlà náà fúnra rẹ̀ kò bá ayé dé. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Íńdíà ayé àtijọ́ máa ń kọ nọ́ńbà kan lé èkejì lórí láìfa ìlà kankan sáàárín. Apá àríwá Áfíríkà la ti rí ìlà náà nínú iṣẹ́ onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ al-Hassar, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá. Leonardo ará Pisa, tí ayé mọ̀ sí Fibonacci, kọ́ ìṣirò àwọn Lárúbáwá ní Bugia, ìlú èbúté kan ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí, ó sì lo ìlà náà nínú Liber Abaci, ìwé tó kọ ní 1202. Látibẹ̀ ló ti ń tàn ká Yúróòpù.

Kí a tó ṣe ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí gígùn ìlà ń sọ. Ẹ gbé 12, 6 àti 2 léra wọn, kí ẹ fa ìlà méjì sáàárín wọn. Kí ni ìdáhùn? Kò tíì sí ìdáhùn, àfi tí a bá mọ ìlà tó gùn jù. Tó bá jẹ́ ìlà abẹ́ 12 ló gùn, 12/(6/2) ni, a ó kọ́kọ́ ṣe 6/2, ó di 3, ìdáhùn á sì jẹ́ 4. Tó bá jẹ́ ìlà orí 2 ló gùn, (12/6)/2 ni, ìdáhùn á jẹ́ 1. Nọ́ńbà kan náà, ipò kan náà, ìlà ló yàtọ̀. Tí ẹ bá tẹ 12/6/2 bẹ́ẹ̀ láìkámọ́ fún ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù, 1 ni yóò sọ fún yín, torí apá òsì ló ti ń ka ìpín bọ̀. Kò bèèrè ohun tó wà lọ́kàn yín.

Orí ìlà kan ṣoṣo ni mò ń kọ̀wé sí níbí, nítorí náà àkámọ́ ni mo fi ń rọ́pò ìlà gígùn. Ẹni tó bá ń ṣe é sínú ìwé rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ìlà gígùn gùn ju àwọn kéékèèké lọ dáadáa, kí àmì ìdọ́gba sì dúró ní iwájú ìlà gígùn gan-an. Ó dà bí ọ̀rọ̀ akọ̀wé, àmọ́ mo ti rí iṣẹ́ tó dára tó bàjẹ́ torí pé ìlà méjì gùn bákan náà.

Ó wá ku òfin tí gbogbo wa kà lórí: dorí ìdá ìsàlẹ̀ kodò, kí o fi sọ ti òkè di púpọ̀. (3/4)/(2/5) á di 3/4 lọ́nà 5/2, ó já sí 15/8. Òfin yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀, ọjọ́ tí ìbéèrè bá le ni yóò dorí èyí tí kò yẹ kodò. Ìdí rẹ̀ rèé. Tí a bá fi iye kan náà, yàtọ̀ sí òdo, sọ òkè àti ìsàlẹ̀ ìdá di púpọ̀, ìdá náà kì í yí padà: 1/2, 2/4 àti 50/100, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká wá iye tí yóò sọ 2/5 di 1. 5/2 ni, nítorí 2/5 lọ́nà 5/2 jẹ́ 10/10. Bí ìsàlẹ̀ bá sì ti gba 5/2, òkè náà gbọ́dọ̀ gbà á, kí a má rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Òkè di 15/8, ìsàlẹ̀ di 1. Ohun tí a bá fi 1 pín, bó ṣe wà náà ni. Ìsàlẹ̀ la sọ di 1, olùkọ́ ni kò wí fún wa.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ta ló ní dandan ni kí ìsàlẹ̀ di 1? Ohun tí à ń wá ni pé kí àwọn ìdá kéékèèké kúrò nílẹ̀. Nínú (3/4)/(2/5), ìdá kékeré tòkè ní 4 nísàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ní 5. Iye tó kéré jù tí 4 àti 5 lè pín láìṣẹ́kù ni 20, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní LCM. 20 lọ́nà 3/4 jẹ́ 15. 20 lọ́nà 2/5 jẹ́ 8. Ìdáhùn ni 15/8. Kò sí orí tó yí kodò, kò sì sí ìdá kékeré tó ṣẹ́kù. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà kejì yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, pàápàá bí lẹ́tà bá ti wọ ọ̀rọ̀.

Ẹ wo bó ṣe rí bí lẹ́tà bá wọ̀ ọ́:

(1/x + 1/y) / (1/x − 1/y)

Ìsàlẹ̀ ìdá kéékèèké mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ x tàbí y, nítorí náà xy ni LCM wọn. Ẹ fi xy sọ òkè di púpọ̀, kí ẹ sì rántí pé ìlà gígùn ti kámọ́ òkè, gbogbo ẹni tó wà nínú àkámọ́ ni xy gbọ́dọ̀ kàn. xy lọ́nà 1/x jẹ́ y. xy lọ́nà 1/y jẹ́ x. Òkè di y + x. Bákan náà, ìsàlẹ̀ di y − x. Ìdáhùn ni (y + x)/(y − x). Ìlà kan péré ló gbà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà àkọ́kọ́ yóò ro òkè pọ̀ di (y + x)/xy, yóò ṣe ìsàlẹ̀ di (y − x)/xy, yóò dorí ìsàlẹ̀ kodò, lẹ́yìn náà ni yóò fagi lé xy àti xy. Yóò débẹ̀, ó kàn rìn jù ni.

Inú ìdá yìí kan náà ni kòtò méjì tí àwọn èèyàn ń jìn sí jù wà. Kòtò kíní: wọ́n rí 1/x lókè, wọ́n rí 1/x nísàlẹ̀, wọ́n sì fagi lé méjèèjì. Ohun tó kù á jẹ́ −1. Fífagilé kò bófin mu níbẹ̀, torí pé wọ́n ro 1/x mọ́ nǹkan míì ni, kì í ṣe pé ó ń sọ gbogbo òkè di púpọ̀. Ohun tó bá ń sọ gbogbo òkè àti gbogbo ìsàlẹ̀ di púpọ̀ nìkan la lè fagi lé. Kòtò kejì ṣòro láti rí: wọ́n dorí ìdá kọ̀ọ̀kan kodò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, 1/x di x, 1/y di y, wọ́n wá kọ (x + y)/(x − y). Ó jọ ìdáhùn tó tọ́ bí ìbejì. Ẹ fi x = 2 àti y = 3 dán an wò. Ìbéèrè fúnra rẹ̀ fún wa ní 5/6 lókè, 1/6 nísàlẹ̀, ìyẹn 5. (y + x)/(y − x) fún wa ní 5/1, ó bára mu. (x + y)/(x − y) fún wa ní −5. Ẹ ò rí i?

Ìdánwò kékeré yìí ni kí ẹ máa ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà sípò lẹ́tà nínú ìbéèrè, kí ẹ tún fi í sípò rẹ̀ nínú ìdáhùn, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n bára mu. Àmọ́ ẹ má lo 1. Tí x bá jẹ́ 1, x, x² àti 1/x, gbogbo wọn á di 1, àṣìṣe tó wà láàárín wọn á sì fara pamọ́. 2, 3 àti 5 ló dára.

Kòtò kejì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan. Bí rẹsísítọ̀ méjì bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí iná lè gba inú èyíkéyìí kọjá, tí ọ̀kan jẹ́ ohm 2, tí èkejì jẹ́ ohm 3, àpapọ̀ agbára tí wọ́n fi ń dí iná lọ́wọ́ ni 1/(1/2 + 1/3). Ẹni tó bá dorí kọ̀ọ̀kan kodò yóò sọ pé 2 + 3, ìyẹn 5. Ẹni tó mọ iṣẹ́ iná yóò mọ̀ pé kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó tó mú bírò. Bí ohm 2 bá dá wà, ọ̀nà kan ni iná ní. Nígbà tí a tún ṣí ọ̀nà kejì fún un, ó yẹ kí ó rọrùn fún un láti kọjá ni, ìdáhùn gbọ́dọ̀ kéré sí 2. Ẹ fi 6 sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀: 6/(3 + 2), ó jẹ́ 6/5, ìyẹn ohm 1.2. Bí a bá pe àwọn méjèèjì ní a àti b, ab/(a + b) ni yóò máa já sí nígbà gbogbo. Nínú ìwé ìdánwò, wọ́n lè fi aṣọ míì wọ̀ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ ní (a⁻¹ + b⁻¹)⁻¹. Òun náà ni. A kò gbọ́dọ̀ fi −1 ìta wọ inú àkámọ́ lọ bá a àti b lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó kọ́kọ́ ro inú pọ̀ ni.

Ìrìn ọkọ̀ náà ń fa irú ìdá yìí. Ọkọ̀ kan gbéra láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin, ó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Nígbà tó ń bọ̀, ọ̀nà dí, 40 ló ń sá. Kí ni ìpíndọ́gba eré rẹ̀ lálọ àti lábọ̀? Ẹnu á ti yá láti sọ 50. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba eré ni gbogbo ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn, tí a fi gbogbo wákàtí tó lò pín. Ẹ pe jíjìn ìlú méjèèjì sí ara wọn ní d. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 2d. Àlọ gba wákàtí d/60, àbọ̀ gba d/40. Ìdá wa ni 2d/(d/60 + d/40). LCM 60 àti 40 ni 120. Ẹ fi sọ òkè di púpọ̀, ó di 240d. Ìsàlẹ̀ di 2d + 3d, ìyẹn 5d. d sọ gbogbo òkè di púpọ̀, ó sọ gbogbo ìsàlẹ̀ di púpọ̀, a lè fagi lé e. Ó ku 240/5, ìyẹn kìlómítà 48 ní wákàtí kan. Nígbà tí d ti bọ́ kúrò, ì báà jẹ́ Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ì báà jẹ́ Ìbàdàn sí Kánò, 48 náà ni. Kò jẹ́ 50 torí pé ọkọ̀ náà pẹ́ lórí eré 40 ju bó ṣe pẹ́ lórí eré 60 lọ.

Nígbà míì, ìdá kékeré wà lókè nìkan, ìsàlẹ̀ mọ́ roro:

(1/x − 1/3) / (x − 3)

LCM àwọn ìdá kéékèèké ni 3x. Òkè di 3 − x. Ìsàlẹ̀ kò ní ìdá kankan, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ gba 3x tirẹ̀, ó di 3x(x − 3). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú àkámọ́ yẹn. Ẹni tó bá sáré tú u di 3x² − 9x ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tó ń wá mọ́lẹ̀. 3 − x àti x − 3, nǹkan kan náà ni wọ́n, àmì ló yàtọ̀: 3 − x jẹ́ −(x − 3). Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fagi lé x − 3 lókè àti nísàlẹ̀, ó ku −1/(3x). Ẹ fi x = 6 dán an wò: ìbéèrè fún wa ní (1/6 − 1/3)/3, ìyẹn −1/18; ìdáhùn náà fún wa ní −1/18.

Ìdá yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn fi ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Ẹni tó bá dé ìdí kálíkúlọ́ọ̀sì yóò tún bá a pàdé. Ó ń sọ bí ìlà tó so ibi méjì pọ̀ lórí àwòrán 1/x ṣe dagẹrẹ tó, láti 3 sí x. A fẹ́ mọ bó ṣe dagẹrẹ tó ní 3 gan-an. Ẹ fi 3 sínú ìdá bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀, 0/0 ni yóò fún yín, kò sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí x máa sún mọ́ 3 nínú −1/(3x), ẹ ó rí i pé ó ń lọ sí −1/9. Ìdáhùn wà nínú ìdá náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ìdá kéékèèké ló bò ó.

Ṣé a lè wá sọ pé ìdá méjèèjì dọ́gba? Wọ́n dọ́gba níbi gbogbo tí ti àkọ́kọ́ bá ti ní ìtumọ̀. Ti àkọ́kọ́ kò ní ìtumọ̀ tí x bá jẹ́ 0, kò sì ní tí x bá jẹ́ 3, torí a kì í fi òdo pín nǹkan. −1/(3x) mọ ti 0, kò mọ ti 3 mọ́. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn pé x kì í ṣe 0, x kì í sì í ṣe 3. Ẹ wo èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ:

(1/(x − 2) + 1/(x + 2)) / (x/(x² − 4))

x² − 4 ni (x − 2)(x + 2), òun náà sì ni LCM. Òkè di (x + 2) + (x − 2), ìyẹn 2x. Ìsàlẹ̀ di x. 2x/x jẹ́ 2. Gbogbo ariwo yẹn, 2 péré! Ẹni tó bá wá sọ pé 2 ni fún gbogbo x ti ṣì í sọ níbi mẹ́ta. 2 àti −2 kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, torí wọ́n ń sọ ìsàlẹ̀ ìdá kéékèèké di òdo. Èyí tí wọ́n sábà máa ń fò ni ẹ̀kẹta: tí x bá jẹ́ 0, kò sí ìdá kékeré kankan tó ní òdo nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ìlà gígùn di òdo. Ìlà gígùn náà, ìlà ìpín ni.

Ó ku irú ìdá tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ilé alájà púpọ̀:

1 + 1/(1 + 1/(1 + 1/x))

Níbí, LCM kò lè tán iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, torí a kò tíì mọ ohun tó wà lábẹ́ ìlà gígùn títí a ó fi ṣe ohun tó wà lábẹ́ ìlà kúkúrú. Ìsàlẹ̀ pátápátá la ti ń bẹ̀rẹ̀, à ń gòkè bọ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ jù ni 1 + 1/x. Ẹ kọ 1 ní x/x, kí àwọn méjèèjì lè ní ìsàlẹ̀ kan náà, ó di (x + 1)/x. Àjà tó tẹ̀ lé e ní kí a fi èyí pín 1, ẹ dorí rẹ̀ kodò: x/(x + 1). Ẹ ro 1 mọ́ ọn: (2x + 1)/(x + 1). Ẹ tún dorí rẹ̀ kodò: (x + 1)/(2x + 1). Ẹ tún ro 1 mọ́ ọn: (3x + 2)/(2x + 1). Ó tán. Ẹ kíyè sí i pé a kì í dorí ohunkóhun kodò àfi ìgbà tó bá ti di ìdá kan ṣoṣo.

Gbogbo ibi tí a bá ti dorí nǹkan kodò ni òdo ti lè wọlé, nítorí náà èmi máa ń kọ ọ́ sí etí ìwé bí mo ṣe ń gòkè. x kì í ṣe 0. Nígbà tí a kọ́kọ́ dorí ìdá kodò, x kò gbọ́dọ̀ jẹ́ −1. Nígbà kejì, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ −1/2. Ìdáhùn tó jáde rántí −1/2 nìkan.

Tí a bá fi àjà kan kún un, yóò di (5x + 3)/(3x + 2). Èyí tó tẹ̀ lé e á ní 8x + 5 lókè. 1, 2, 3, 5, 8: àwọn nọ́ńbà tí Fibonacci rí nígbà tó ń ka àwọn ehoro tó ń bímọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1202 náà nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi yọjú níbí kò fara sin: dídorí-kodò gbé òkè lọ sísàlẹ̀, ríro 1 mọ́ ọn sì ro òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ láti bí òkè tuntun.

Irú ìdá alájà yìí náà ló ń fi hàn bí 22/7 tí a ń lò fún π ní ilé-ìwé ṣe sún mọ́ ọn. π jẹ́ 3.14159265, ó sì ń lọ. Ẹ yọ 3 kúrò, ó ku 0.14159265. Ẹ fi í pín 1, ó jẹ́ nǹkan bíi 7.0625. Tí a bá ju ohun tó lé lórí 7 nù, π di 3 + 1/7, ìyẹn 22/7. Tí a kò bá jù ú nù, 0.0625 yẹn jẹ́ 1/16, a ó sì ní 3 + 1/(7 + 1/16). Ẹ tú u láti ìsàlẹ̀: 7 + 1/16 jẹ́ 113/16, ẹ dorí rẹ̀ kodò, 16/113, ẹ ro 3 mọ́ ọn, 355/113. Zu Chongzhi, onímọ̀ ìṣirò ará Ṣáínà ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún, ti mọ 355/113. Nọ́ńbà mẹ́fà lẹ́yìn àmì ẹ̀sún ló fi bá π mu, nígbà tí 22/7 bá a mu ní méjì péré.

Bí àjà náà kò bá wá lópin ńkọ́? 1 + 1/(1 + 1/(1 + …)), kò sí ìsàlẹ̀ tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ bo 1 àkọ́kọ́ àti ìlà tó tẹ̀ lé e, kí ẹ wo ohun tó kù lábẹ́ ìlà: gbogbo ìdá náà fúnra rẹ̀ ni, kò dín, kò lé. Tí a bá pe gbogbo rẹ̀ ní x, x = 1 + 1/x. Ẹ fi x sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di púpọ̀: x² = x + 1. Nọ́ńbà méjì ló ń tẹ́ èyí lọ́rùn, ọ̀kan sì kéré sí òdo. Èyí tí a ń ro nǹkan tó ju òdo lọ pọ̀ láti ṣe kò lè kéré sí òdo, nítorí náà (1 + √5)/2 ni, nǹkan bíi 1.618. Ẹ fi í wé àwọn ìdá tó lópin: 5/3 jẹ́ 1.667, 8/5 jẹ́ 1.6, 13/8 jẹ́ 1.625, 21/13 jẹ́ 1.615. Ọ̀kan ń kọjá rẹ̀, ọ̀kan kò dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọn.